Ọ̀pá Lókè, Ẹ́ńjìnì Nísàlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4

Bàámi ní kí n wá ìwé kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ọkọ̀ sínú ẹ̀, kí n má baà tú nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ìwé ìṣirò mi àtijọ́ ni mo rí. Mi ò tíì lò ó jìnnà nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́ ohùn ara wọn láti ẹnu mi nínú kíláàsì wa, tó ń ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Gbogbo ọmọ lọ. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ padà wá lọ́jọ́ kejì, àfi èmi.

Ọkọ̀ náà: ilẹ̀kùn méjì, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ọkọ̀ eré gidi. Pupa ni tẹ́lẹ̀, ó ti wá dà bí ata tí wọ́n gbàgbé sóòrùn. Bàámi ti ní in kí wọ́n tó fẹ́ Màámi, ìdí nìyẹn tí Màámi fi ń pè é ní Ìyálé. Bí Bàámi bá ti ń wọ gáráàjì lọ, Màámi á ní, "Ẹ bá mi kí Ìyálé mi o." Nígbà tí mo wà ní kékeré, eré tó ń sá máa ń jẹ́ kí àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà para pọ̀ di ògiri. Láti ìgbà tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàámi ló ti dúró sí gáráàjì abẹ́ ilé, tí táyà ẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Ọ̀rọ̀ dókítà lónìí nìyí: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n máa yọ gògóńgò Bàámi. Ohùn á bá a lọ. Bí wọn ò bá yọ ọ́, Bàámi ò ní rí ìparí ọdún. Bàámi gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n fi ohùn tó kù, tó dà bí ẹni ń fi bàtà tẹ iyanrìn, sọ pé:

"Ìyálé ló máa gbé mi lọ. Bí kì í bá ṣe òun, mi ò lọ."

Màámi ní, "Ọkọ̀ tí kò lè gbé ara ẹ̀ dé ẹnu géètì?"

"Òun ló gbé ẹ lọ bí àwọn méjèèjì yìí, ó gbé yín bọ̀. Ó gbé ìyá mi lọ, ó gbé wọn bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ…"

Wọn ò parí ẹ̀. A mọ ibi tó parí sí.

Bàámi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fa èéfín símú. Ó kù sí èmi.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo fa epo inú táǹkì dànù. Ó ń rùn bí ọ̀dà. Mo gbé bátìrì sí ṣáájì kó jẹun. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi sáńpépà fọ eyín wọn. Ìka mi méjì bó. Àbúrò mi, Tíńtín, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?" Mo fi ohùn Màámi dá a lóhùn pé kó lọ fọ abọ́. Ó lọ.

Ọjọ́rú, 6

Ó jí.

Mo so ọ̀pá rọ́bà gígùn mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà, mo gbà á lójú fèrèsé jáde kí èéfín má baà gòkè lọ bá Bàámi. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó kérora bí Màámi nígbà tí wọ́n bá ń dìde lórí àga, ó húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì gbaná.

Yàrá Bàámi ló wà lórí gáráàjì gan-an, pákó nìkan ló là wá láàárín. Ohùn wọn ò lè la pákó kọjá mọ́, torí náà ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn ni wọ́n ń fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì: tẹná. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: gòkè wá.

Wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gòkè.

"Kí ló wí?"

Mo ní ó ń húkọ́.

"Gbogbo ọkọ̀ ló ń húkọ́. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ mi níbí ò ju kí ilẹ̀ máa gbọ̀n, kí nǹkan máa kùn bí ilé oyin. Ìwọ tí o máa ń sín gbogbo ayé jẹ, ṣe é fún mi."

Mo jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ bo ẹnu díẹ̀, mo ṣe é. Mo gbé e láti ìdúró, mo tẹná, mo jẹ́ kó húkọ́, mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Bàámi pa ojú dé, wọ́n da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

"Tún ibẹ̀ yẹn ṣe. Kó tó húkọ́. Ó ń súfèé."

Mi ò mọ̀ pé mo súfèé. Etí mi gbọ́ ọ, ẹnu mi sọ ọ́, èmi alára ò sí níbẹ̀.

"Atẹ́gùn ló ń wọlé níbi tí kò yẹ," Bàámi wí. "Lọ wo àwọn rọ́bà tó wà lára kábúrétọ̀. Ọ̀kan ti là."

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo ṣe ohun kan lónìí. Màá kọ ọ́, torí Bàámi ní kí n kọ gbogbo ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ ọ̀fun Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mo ti ṣe Nọ́ọ̀sì fún Tíńtín, bó ṣe ń ti imú sọ̀rọ̀, "Bàbá, ẹ yanu, ẹ yanu dáadáa, ẹ má ya díẹ̀," Tíńtín ti rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n ṣe ẹlòmíràn. Ara mi ti gbóná. Mo dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ṣe Bàámi. Kì í ṣe Bàámi ìsinsìnyí. Bàámi ti tẹ́lẹ̀, ohùn tó máa ń ti gáráàjì jáde tí ajá ládùúgbò á dákẹ́: "Ìyàwó! Mú tíì wá, ọwọ́ mi dọ̀tí."

Màámi wà nínú ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí abọ́ fọ́. Wọ́n sáré kọjá lára wa, wọn ò rí wa, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé, ojú wọn ń tàn. Mi ò tíì rí irú ojú yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Bàámi ń sùn.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń dúró de ìgbátí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n tẹ̀, wọ́n ń ṣa àfọ́kù abọ́, wọ́n ní, "Ó jọ ọ́ gan-an."

Mi ò ní ṣe Bàámi mọ́.

Àbámẹ́ta, 9

Mo rí rọ́bà náà. Ó là ní abẹ́, níbi tí ojú ò lè dé. Ìka mi ló gbọ́ ọ. Mo gé òmíràn sí i. Súfèé náà lọ. Mo lọ ṣe é fún Bàámi, wọ́n mi orí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ikọ́ kù. Ìgbà tí ó bá ti gbóná ni ó máa ń wá báyìí.

Mo jẹ búrẹ́dì tí àbúrò Màámi gbé wá, mo jẹ ẹ́ tán. Bọ̀dá Oníbúrẹ́dì la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì wọn kiri àdúgbò, wọn kì í sì í kúrò ní gíá kejì láéláé. Wọ́n ní búrẹ́dì ò fẹ́ wàhálà. A máa ń gbọ́ wọn láti òpin òpópónà, ẹ́ńjìnì ń ké bí ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ mú. Nígbà tí Bàámi ṣì ní ohùn, ojú fèrèsé ni wọ́n ti máa ń pariwo mọ́ wọn: "Yí gíá! O ń pa á!"

Ìṣẹ́gun, 12

Òjò. Omi wọ gáráàjì, mo gbá a jáde.

Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń lọ dùbúlẹ̀ sórí òdo, kì í dìde. Mo fi ìka ta gíláàsì ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Mo sọ fún Bàámi. Wọ́n ní, "Ìyẹn ti kú tipẹ́. Ṣé ọ́ìlì wà lára ọ̀pá ìwọ̀n ẹ̀?" Mo ní ó wà, ó kún. "Ó dáa. Fi í sílẹ̀."

Owó epo tún ti lé sí i.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ikọ́ yẹn. Mo jẹ́ kó gbóná, mo tẹná, ó húkọ́, ó kú. Mo dúró kó tutù, ó jí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ṣe é fún Bàámi. Wọ́n ní:

"Ó ń kú lójijì ni àbí ó ń kú díẹ̀díẹ̀?"

"Lójijì. Bí ẹni tí wọ́n pa iná mọ́ lójú."

"Kì í ṣe epo nìyẹn. Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ni. Rẹ àkísà sínú omi tútù, lọ dúró. Bó bá kú, fi wé mọ́ kọ́ìlì. Bó bá jí padà kíákíá, o ti mú olè."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àkísà náà yọ èéfín lára kọ́ìlì bí aṣọ tútù tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí.

Mo sáré gòkè lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. "Mo ti mú olè, Bàámi." Wọ́n na ọwọ́, mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn ti fúyẹ́ jù.

Ẹtì, 15

Mo lọ bá Bàbá Àlòkù, tí ọgbà ẹ̀ kún fún òkú ọkọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí bá sọ, "àbí kò rí bẹ́ẹ̀" ló máa fi parí ẹ̀. "O fẹ́ kọ́ìlì, àbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ti púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, àbí kò rí bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí, àbí kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní, "Ọmọ bàbá ọkọ̀ pupa ni ẹ́. Báwo ni ọ̀fun bàbá ẹ?"

Mo ní a dúpẹ́. Wọ́n fún mi ní kọ́ìlì méjì, wọ́n ní kí n dá èyí tí kò bá dára padà. Wọn ò fi "àbí kò rí bẹ́ẹ̀" parí ìyẹn.

Àìkú, 17

Ikọ́ ti lọ. Kọ́ìlì kejì ló ṣe é. Mo jẹ́ kí Ìyálé gbóná dáadáa, mo tẹná, ó gòkè geere, mo gbé ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ geere. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo gbọ́ ọ: kò-kò.

Ẹ̀ẹ̀mejì. Bàámi ti gbọ́, inú wọn ti dùn, wọ́n ní kí n tẹná. Mo tẹná. Mo gbé ẹsẹ̀. Kò-kò. Mo tún tẹ̀ ẹ́. A ṣe é báyìí títí apá mi fi ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Mo ní lọ́kàn mi pé bàbá yìí ò ní jẹ́ kí n sinmi lónìí.

Mo gòkè, mo ṣe Ìyálé fún wọn bó ṣe mọ́ tónítóní. Mo ti fẹ́ fi ọ̀pá wọn kún un, kò-kò, kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú báàgì ẹ̀, "Bàbá, ẹ yanu." Mo fi í sílẹ̀. Bàámi yanu.

Ìṣẹ́gun, 19

Bírékì iwájú ti dì mọ́ irin. Mo lù ú pẹ̀lú òòlù títí alẹ́ fi ń lẹ́. Kò ṣí.

Ọjọ́rú, 20

Ó ṣí.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé Ìyálé dìde kó máa mú ara le. Ojoojúmọ́ ni Bàámi ń kàn án lẹ́ẹ̀mejì, tí mò ń tẹná fún wọn. Ọ̀pá wọn ti ń lágbára sí i. Mo sọ fún Màámi pé ara Bàámi ń yá.

Nígbà tí mo gòkè lọ́sàn-án, Bàámi ní, "Ó jọ pé ó wù ẹ́ kí o máa tẹná o."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tíńtín ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù kó lè tọ́jú ohùn mi. Mo ní èmi kì í ṣe rédíò." Wọ́n sinmi, kí wọ́n lè rí èémí. "Ṣé o lè ṣe èmi?"

Mo ní, "Rárá. Tiyín le."

Wọ́n wò mí. Bàámi mọ ìgbà tí mo bá ń purọ́ ju bí wọ́n ṣe mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá ń purọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ fa atẹ́gùn sí táyà."

Àìkú, 24

Gbogbo táyà ti le. Iná iwájú ń tàn, ọ̀kan ń wo ọ̀run. Mo fọ̀ ọ́. Lábẹ́ ìdọ̀tí yẹn ó ṣì pupa. Tíńtín fi ọṣẹ fọ àga ibi tí Bàámi máa jókòó sí, ó tẹ́ aṣọ tó mọ́ sí i. Màámi kọjá, wọ́n dúró, wọ́n fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà. "Ìyálé mi," wọ́n wí, "ẹ gbé e lọ, ẹ gbé e bọ̀ wá fún mi o."

Bí iṣẹ́ abẹ bá ti súnmọ́ báyìí, èèyàn ò ní lè jẹun.

Ìṣẹ́gun, 26

Mò ń kọ èyí lórí àtẹ̀gùn. Mi ò lè jókòó sí yàrá kankan.

Lówùúrọ̀ la gbé Ìyálé jáde fún ìdánwò, torí ọ̀la lọjọ́. Bọ̀dá Oníbúrẹ́dì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyẹ̀fun wà lára aṣọ wọn, wọ́n di ìgbànú mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. "Gíá kejì náà ti tó o," wọ́n ń wí. Mo wọ ẹkẹta. A kọjá ilé ìwé, a kọjá ilé epo, mo wọ ẹkẹrin, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í para pọ̀. Mo ní kí n sọ fún Bàámi pé ògiri náà ṣì wà níbẹ̀.

Kọ́nà wà níwájú. Mo gbé ẹsẹ̀.

Kò-kò.

Ẹsẹ̀ mi tẹná fúnra ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kí orí mi tó dé. Ìgbà tí orí mi dé ni mo wá rántí pé ilé ti wà lẹ́yìn wa tipẹ́, kò sì sí ọ̀pá tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ pátápátá. Ó ti pẹ́ jù. Kíkan náà di lílù, lílù náà di ìbúgbàù kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ọkọ̀ náà sì dákẹ́. Ó ń yí lọ láìní ohùn kankan, àfi ti táyà. Nígbà tó dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ mo wo abẹ́ ẹ̀. Irin kan ti yọ orí jáde lára ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì ń dà sójú títì, ó ń lọ sí gọ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bọ̀dá ní, "Kí lo tẹ̀?"

Ọkọ̀ búrẹ́dì la fi fà á délé.

Bàámi ti wò mí lójú kí n tó jókòó. "Ṣe é fún mi."

Mo ṣe é. Mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fi kò-kò sí i, níbi tó ti máa ń wà gan-an. Bàámi la ojú.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ikọ́ ti lọ. Mo rò pé ẹ̀yin ni. Mo rò pé ọ̀pá yín ni, ẹ ní kí n tẹná."

Wọ́n wo ọ̀pá náà. Ó fara ti ògiri, lọ́dọ̀ fèrèsé, níbi tí ọwọ́ wọn ò lè dé láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ tàbí ọjọ́ tó gbé e síbẹ̀. Ó lè jẹ́ Nọ́ọ̀sì.

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," Bàámi wí. "Mo rò pé ìwọ lò ń fi òòlù lu nǹkan."

Nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ́ìlì tó kù bó ṣe ń kán sínú abọ́ tí mo gbé sábẹ́ ẹ̀.

Bàámi yí ojú sí ògiri. "Mi ò lọ mọ́," wọ́n wí.

Ọjọ́rú, 27

Bọ̀dá Oníbúrẹ́dì bẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n. Tíńtín sunkún, ó sunkún débi pé ó ń bì. Èmi dúró ní kọ́nà, mi ò ní ohùn kankan tí mo lè lò, tèmi náà kò sí níbẹ̀. Bàámi ò yí ojú kúrò lára ògiri.

Màámi wọlé. Wọ́n ti wọ bàtà ìjáde, wọ́n gbé báàgì lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò bẹ̀, wọn ò gbé ohùn sókè.

"Baba ilé, Ìyálé mi ti kú," wọ́n wí. "Èmi ni mo kù. Ẹ dìde, kí n gbé yín lọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, bí Màámi bá ti pe Ìyálé, ẹ̀rín ló ń tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Bàámi pẹ́ kí wọ́n tó yí padà. Wọ́n wo Màámi, wọ́n wo bàtà wọn. Wọ́n na ọwọ́ fún ọ̀pá.

A kó agbọ̀n búrẹ́dì kúrò nínú ọkọ̀ Bọ̀dá, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Bàámi ní iwájú ni àwọn máa jókòó. Èmi àti Màámi wà lẹ́yìn wọn. Gbogbo inú ọkọ̀ ń rùn bí búrẹ́dì gbígbóná, ó dà bí ẹni pé ohun tó dára là ń lọ ṣe. Bọ̀dá wọ gíá kejì, wọn ò kúrò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ké. A kọjá ojú títì ibi tí ọ́ìlì wa ti gbẹ. Bàámi wò ó títí ó fi kọjá.

Ẹnu géètì ilé ìwòsàn ni Bàámi ti gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Mo tẹ̀ síwájú, Màámi náà tẹ̀ síwájú.

Bọ̀dá ni wọ́n kọjú sí. "Yí gíá," wọ́n wí. "O ń pa á."

Lẹ́yìn ìyẹn àwọn èèyàn aláṣọ funfun ti dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Bàámi wà láàyè. Ihò kan wà lọ́rùn wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. Mi ò gbọ́ irú ohùn mímí yẹn rí. Mo di etí mi, ṣùgbọ́n etí mi ti mú un.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo tú Ìyálé. Mo kàn fẹ́ mọ̀.

Mo yọ abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè ti dí pátápátá fún ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ gbogbo ọdún tí kò fi rìn. Ọ́ìlì kún, kò rí ọ̀nà gòkè. Bẹ́ríǹ tó gbé irin yẹn ti jẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ká. Òun ló ń kàn kò-kò.

Abẹ́rẹ́ yẹn ò kú. Òótọ́ ló ń sọ fún wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi àti Bàámi la pè é lókùú.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Bàámi. Ẹlòmíràn ò ní tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́gun, 10

Tíńtín ní kí n ṣe Bàámi fún òun, díẹ̀ péré, kó tó gbàgbé. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní mo lè ṣe alága àdúgbò bó ṣe ń sín, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bàbá mi. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 12

A lọ gbé wọn bọ̀.

Ọkọ̀ búrẹ́dì gbé Bàámi lọ, ọkọ̀ búrẹ́dì gbé Bàámi bọ̀. Kò gbé gbogbo wọn bọ̀. Wọ́n ti gbẹ, aṣọ funfun kékeré kan bo ọrùn wọn, ó ń gbé sókè, ó ń wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mí. Ilé ìwòsàn fún wọn ní pátákó kékeré kan àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n á máa fi kọ ọ̀rọ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Iwájú ni wọ́n jókòó sí, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Màámi wà lẹ́yìn wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká Bàámi, wọn ò gbé e kúrò.

Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tí kò lè fèsì? Bọ̀dá wọ gíá kejì. Wọ́n wà níbẹ̀ ní ojú títì tó tẹ́jú, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí à ń kọjá ilé epo, ẹ́ńjìnì ń ké, ó ń ké, mo sì rí i tí Bàámi gbé ọwọ́ sókè.

Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ẹnu wọn ṣí. Afẹ́fẹ́ jáde láti ọrùn wọn, ó gbé aṣọ funfun yẹn sókè, kò sí ohun tó bá a jáde. Ojú Bàámi yí padà. Wọ́n ti gbàgbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́, wọn ò tíì gbàgbé bẹ́ẹ̀ rí, mo rò. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ṣe é.

"Yí gíá! O ń pa á!"

Kì í ṣe ohùn oníyanrìn ẹnu géètì. Ti gáráàjì ni, èyí tí ajá ń dákẹ́ fún. Bọ̀dá ti yí gíá kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n wọ ẹkẹta, wọ́n fò kọjá bẹ́ẹ̀ wọ ẹkẹrin, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," kí ojú wọn tó ṣí gbòòrò nínú díńgí. Ọkọ̀ búrẹ́dì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ Màámi fún èjìká Bàámi. Mo gbọ́ bí Màámi ṣe fa èémí sínú, wọn ò tú u sílẹ̀.

Mo ti ń dúró de ìgbátí, ọ̀kan tó yẹ.

Èjìká Bàámi ń mì. Ẹ̀yìn orí wọn nìkan ni mò ń rí, mi ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, àwọn méjèèjì ò ní ohùn mọ́. Ó pẹ́. Màámi náà ò mọ̀, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń wo Bàámi.

Bàámi gbé ọ̀pá sókè díẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà.

Kò-kò.

Mo wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ wọn ló wà lórí ẹ̀.